Orúkọ Tí Wòsílátù Kò Gbọdọ̀ Pè

Ní Ugbonla, kò sí ẹni tó mọ ènìyàn í sọ lórúkọ bíi Wòsílátù, obìnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ ní orúkọ àbísọ, nítorí náà, kò tíì tú ẹrù ìyàwó rẹ̀ tán tó fi sọ gbogbo ilé lórúkọ tuntun. Ṣùáíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, di Bàbá Olóhùn, torí bó bá wúkọ́ nínú yàrá, ẹja á yíjú padà ní Molutehin, ìlú kejì. Sàrátù, àbúrò ọkọ rẹ̀, di Adúmáadán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ mú ju ti àkùrákùdà lọ. Ewúrẹ́ ilé pàápàá gba orúkọ, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò rí orúkọ fún. Sàláúdéènì ló ń jẹ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ Wòsílátù láìsí àfikún: ó gùn, ó ń yí lẹ́nu bí ọkọ̀ tó ń ya kọ́nà odò. Ṣùgbọ́n ta ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ? “Ẹ̀yin” ló ń pè é títí wọ́n fi bí ọmọ, tó wá di Bàbá Àmínátù.

Lọ́dún tí Ọba Jọ́ọ̀jì kú, tí wọ́n fa àsíá wálẹ̀ ní gbogbo ilé Ìjọba, Sàláúdéènì bá àwọn apẹja lọ sí Kamẹrúùnù. Wọ́n ní ẹja ibẹ̀ ń fò wọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, pé iṣẹ́ apẹja kò ju kó sọ fún wọn pé kí wọ́n sún mọ́ra. Ó ní òjò kò ní bá òun lọ́hùn-ún. Òjò dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó tún lọ, aṣọ tó fi kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ìyá Sàláúdéènì ní ìgbàgbọ́ kan tí ààfáà gbìyànjú títí, tí kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí a bá ń pe orúkọ ẹni tó wà lókè òkun sórí omi nírọ̀lẹ́, omi á gbé e dé etí rẹ̀, kò sì ní gbàgbé ilé. Tó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á jókòó sí etí afárá pákó iwájú ilé wọn tó dúró lórí òpó nínú omi, á fi ẹsẹ̀ rọ̀ sórí omi, á wá pè: “Sàláúdéènì o! Sàláúdéènì!” Wòsílátù á wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n lórí itan, ètè rẹ̀ á máa bá ìyá pè é láìsí ohùn.

Ìyá náà kú. Nírọ̀lẹ́ tí wọ́n sin ín, omi dákẹ́, Wòsílátù sì gbọ́ ìdákẹ́ náà. Kò sí ẹni tó ń pe Sàláúdéènì mọ́.

Ó tọ Ṣùáíbù lọ. “Bàbá Olóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pè é.”

“Ta ni?”

“Ẹ̀yin náà mọ ẹni.”

Ṣùáíbù, tí gbogbo etí odò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ọbẹ̀ bá pẹ́, jáde wá ti òun ti pákò lẹ́nu. Ó ní, “Sàláúdéènì,” bí ẹni tó ń lé alángbá. “Mo ti pè é. Kó gbọ́ o, kó má gbọ́ o, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí.” Ó wọlé.

Sàrátù ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Èmi kẹ̀? Bọ̀ọ̀dá mi ni mo ń pè é. Ṣé kí n máa pe Bọ̀ọ̀dá sórí omi, kí gbogbo bọ̀ọ̀dá Kamẹrúùnù máa jẹ́ ‘hẹ̀n’?”

Wòsílátù rò ó wò. Bí òun náà bá pe Bàbá Àmínátù, ìdajì àwọn apẹja tó wà níbẹ̀ ni yóò ju àwọ̀n sílẹ̀, torí bóyá ló ku ọkùnrin tí kò bí Àmínátù kan. Orúkọ kan ṣoṣo ló lè rí ọkọ òun, orúkọ náà kò sì gbọdọ̀ ti ẹnu òun jáde.

Báyìí ló rí tí Lawrence Jọọlá fi dé. Ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìjọba ló rán an wá wo àwọn igi àgbọn tí ewé wọn ń pọ́n, ilé Ṣùáíbù ló sì dé sí. Ṣòkòtò kakí rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní bó bá bọ́ ọ, ṣòkòtò á dá dúró, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àmọ́ àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ló pa ìlú lẹ́rìn-ín. Géńdé ọkùnrin, ní Ugbonla, ó ń fi àwọ̀n lé afẹ́fẹ́ kiri! Kò pẹ́ tí àwọ̀n náà fi kọ́ ìṣó, ó ya, ló bá gbé e wá bá Wòsílátù.

“Ẹja wo lẹ fi ń mú, Akọ̀wé?”

“Kòkòrò ni, Ìyá Àmínátù.”

“Ṣé ẹ máa ń yan án ni, àbí ẹ máa ń sè é?”

Jọọlá rẹ́rìn-ín, ó gbé ìgò kan kalẹ̀, ó fún un ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Wòsílátù tẹjú mọ́ ọn. Kòkòrò tó máa ń yí àtùpà po ni, tí kò sẹ́ni tó bi í rí pé ta ló bí i. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ tutù bí ewé àgbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ojú rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ gaara, iṣan wẹ́wẹ́ sì hun ara wọn kiri inú wọn.

“Ta ló hun àwọ̀n yìí fún un?”

“Ẹ ò tíì rí nǹkan kan.” Jọọlá yí ewé àgbọn kan padà. Ẹyin funfun tò síbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan dúró lórí fọ́nrán bí irun orí.

“Ilé orí òpó!” ni Wòsílátù pariwo. “Ará ibí ni!”

“Ìyá wọn ló gbé wọn sókè bẹ́ẹ̀, kí èyí tó bá kọ́kọ́ pa má baà jẹ àwọn àbúrò rẹ̀. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń jẹ. Àwọn náà ló ń jẹ kòkòrò funfun tó ń mu omi ara àgbọn yín.”

“Adúmáadán,” Wòsílátù ké sí Sàrátù, “ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi àbúrò pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n.”

Ohun tó ń da Jọọlá láàmú ni pé ìwé rẹ̀ kò ní irú èyí. Àwọn tó wà nínú ìwé ní àmì dúdú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí ní ilà pupa láti abẹ́ ojú dé ẹnu, bí ẹni tí wọ́n kọ ilà fún. Tí a bá sì tẹ̀ ẹ́, á rùn bí edé tó pẹ́ lóòrùn. Jọọlá ya àwòrán rẹ̀, ó kọ àpèjúwe rẹ̀ láti orí dé ìrù. Ó ní bí kò bá sẹ́ni tó ti ṣe é rí, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ló máa sọ ọ́ lórúkọ.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Wòsílátù. “Orúkọ ta lẹ máa sọ ọ́?”

“Ojú á tì mí láti fi tèmi sọ ọ́. Ti ọ̀gá mi òyìnbó sì ti wà lára kòkòrò tó pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ bá mi tún àwọ̀n ṣe, ẹ mú orúkọ wá.”

“Ẹ sọ ọ́ ní orúkọ Bàbá Àmínátù.”

“Kí ló ń jẹ́?”

Wòsílátù la ẹnu, ó pa á dé. “Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni.”

“Èwo ni wọ́n ń pè é?”

“Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.”

“Kí ni ìyá rẹ̀ wá sọ ọ́?”

“Sàláúdéènì ni!” Ṣùáíbù bú jáde láti inú ilé, pákó afárá sì gbọ̀n. “Ẹ jẹ́ kí ènìyàn jẹun!”

Jọọlá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní dandan ni kí wọ́n fi lẹ́tà “i” kún ìdí orúkọ ọkùnrin bó bá fẹ́ di ti kòkòrò. Ó tún un wò. “Tirẹ̀ ti ní i tẹ́lẹ̀.”

“Ó ti múra sílẹ̀,” ni Wòsílátù wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Jọọlá gbé ìgò rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ, Wòsílátù jókòó sí etí afárá. Ó pe orúkọ náà jẹ́jẹ́ ná, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan gbígbóná wò. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè. “Sàláúdéènì!” Obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ kọjá jọ̀wọ́ àjẹ̀ rẹ̀ sómi.

“Yéè!” Sàrátù sáré jáde. “Ìyàwó, o pe ọkọ rẹ lórúkọ!”

“Kòkòrò ni mo pè. Òun ló ń yí àtùpà po yẹn.”

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Ṣùáíbù. Ó ronú pẹ́, ó dá a pé bí Ìjọba bá ní kòkòrò ni, kòkòrò ni.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìròyìn ilé ni kòkòrò ń gbọ́. “Sàláúdéènì, a ti pààrọ̀ òpó tó jẹrà.” “Sàláúdéènì, Àmínátù ti ń wa ọkọ̀, ojú rẹ ló gbé wọ̀ bó bá ń wà á.” “Sàláúdéènì, mo ń sá aṣọ rẹ sóòrùn, àmọ́ òórùn rẹ ti ń kúrò lára rẹ̀.” Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, á dẹtí sí omi, àfi bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró díẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé ni Jọọlá padà wá. Ṣòkòtò rẹ̀ ṣì le, ojú rẹ̀ ni kò le mọ́. Ó ní àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti wo kòkòrò náà, wọ́n ní kì í ṣe tuntun. Ará Jámánì kan ti ṣàpèjúwe rẹ̀ kí wọ́n tó bí òun, ó sì ti sọ ọ́ lórúkọ.

“Níbo ló ti rí i?” Wòsílátù bi í.

“Kamẹrúùnù.”

“Ó wà níbẹ̀?”

“Ó pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Kò sí àtùpà tí kì í wá síbi rẹ̀.”

Sàrátù pàtẹ́wọ́. “Ó tán! Kòkòrò ti ní orúkọ tirẹ̀. Ìyàwó, pa ẹnu dé.”

Nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé, àfi Ṣùáíbù, jáde wá wo ohun tí ìyàwó máa ṣe. Kòkòrò kan bà lé àtùpà. Wòsílátù kò tilẹ̀ wò ó. Ó kọjú sí omi.

“Sàláúdéènì!”

“Ta lò ń pè?” Sàrátù bi í.

“Ọkọ mi.”

Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà Ṣùáíbù. Ó jáde, ó dúró lẹ́yìn Wòsílátù, ó wo omi títí.

“Gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i,” ló wí jẹ́jẹ́. “Kamẹrúùnù jìnnà.”