Ẹyẹ Ilé Wa

Mo rántí ìgbà tí fíìmù kámẹ́rà wọ́n ju ẹran lọ ní Òrè. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, ìlú le, ẹni tó ń wá gàrí kì í wá fọ́tò. Èmi tí mo máa ń ya àwọn èrò ọkọ̀ ní oríta kò rí oníbàárà mọ́, ni mo bá gbé kámẹ́rà mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Odígbó. Fíìmù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Ìyá mi, opó tó ń dá gbé, ní igi ọsàn kan lẹ́yìn ilé ìdáná, àwọn ẹyẹ tíntín kan sì kọ́ ilé wọn síbẹ̀, tó rọ̀ dirodiro lórí ẹ̀ka. Ẹnu wọn gùn, ó tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò kòkó. Mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ dọ̀sán. Mo mọ ìgbà tí wọ́n ń jáde, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń wọlé, mo sì rò pé mo ti di ọ̀mọ̀wé.

Ìgbéraga yẹn ló kó bá mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ilé àdúrà, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí dìde, mo fò dìde nínú sútánà mi. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run là mí lójú, pé mo ti ń rí àwọn ẹyẹ ilé wa, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń jáde àti ìgbà tí wọ́n ń wọlé. Mo ń retí halelúyà. Èmi nìkan ni mo gbàgbé pé bí wọn kò bá fẹ́ dárúkọ àjẹ́ nílé àdúrà, ẹyẹ ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ilé wa kò ju èmi àti ìyá mi lọ, ojú gbogbo ìjọ sì yí sí ìyá mi níbi tó jókòó sí.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí bẹ́ńṣì tí ìyá mi bá wà mọ́. Wọn kò bú u; wọ́n kàn ń kí i láti òkèèrè, wọ́n sì ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní ọmọ ń bo ìyá rẹ̀ láṣìírí ni. Ó dùn mí wọra. Ìyá mi kò bá mi wí. Ó ní, "Ọma mi, ohun tí wọn ò rí ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lọ fi hàn wọ́n."

Bí mo ṣe ná fíìmù mi nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ń mi ẹ̀ka, ilé ẹyẹ kò dúró, ni ìyá mi bá wá di ẹ̀ka náà mú, kò mira títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n, tí ẹyẹ náà fi padà wá bọ́ ọmọ rẹ̀. Mo ní kí n fi ẹyọ tó kẹ́yìn ya òun fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ya ẹyẹ. Tèmi á dúró de ìgbà tí fíìmù bá wọ́pọ̀." Nígbà tí mo fọ àwọn fọ́tò náà tán, mo tún ń ráhùn sí i lórí ọ̀kan: "Màmá, ọwọ́ yín tó wọ inú fọ́tò ló ba eléyìí jẹ́." Mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, mo kó àwọn tó dára lọ sílé àdúrà.

Ìyá àdúrà, tí gbogbo obìnrin ìjọ ń gbọ́ tirẹ̀, gbé ọ̀kan sún mọ́ ojú. Ọmọ ẹyẹ méjì yanu, ìyá wọn ń fi kòkòrò sí wọn lẹ́nu. Ó wò ó pẹ́. "Àṣé ẹyẹ gidi lọmọ yìí ń wí." Ẹ̀rín sọ. Ó dìde, ó lọ jókòó ti ìyá mi lórí bẹ́ńṣì, wọ́n sì jọ ń wo fọ́tò. Mo bojú, mo sunkún.

Nígbà tó yá, fíìmù wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi kò dúró dè é. Mo ti ya ìyàwó àti ìkómọ àwọn ẹlòmíràn láìlóǹkà, mi ò ya ìyá mi rí. Àwọn fọ́tò tó dára náà ti tán sọ́wọ́ àwọn ará ìjọ. Èyí tí mo ní ó bàjẹ́ yẹn ló kù, òun ni mo gbé kọ́ sára ògiri. Ẹyẹ inú rẹ̀ kò hàn dáadáa mọ́. Ọwọ́ tó di ẹ̀ka mú ló ṣì hàn.