Akọ Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Mo Fi Du Aládùúgbò Mi

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà, òórùn bẹntiróòlù fàyàwọ́ tó máa ń gba gbogbo ojú ọ̀nà Ìdógò kàn pòórá ni. Ní àgbàlá tèmi, òórùn ẹlẹ́dẹ̀ tó kú ló gba ipò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti ṣe ọ̀sìn rí, o mọ bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, kì í ṣe gbogbo ilé ló ń ní akọ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tí abo rẹ̀ bá ń wá akọ á yá ti ẹlòmíì, á so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á fà á lọ sílé. Tí abo bá bímọ, ẹni tó ni akọ á mú ọmọ kan tó wù ú. Aládùúgbò mi, tí ògiri kan ṣoṣo pín èmi àtirẹ̀, wá yá tèmi. Mo bi í bóyá ara àwọn tiẹ̀ le. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń jẹ bíi kọ́sítọ́ọ̀mù ni!"

Irọ́ ni. Ó ti gba ọ̀nà igbó kó ẹlẹ́dẹ̀ wọlé láti òdìkejì bọ́dà, wọ́n sì ti ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń rọra tà wọ́n fún alápatà, ó panu mọ́. Akọ mi padà délé, kò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Etí rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Dókítà ẹran wò ó, ó mirí. "Bàbá, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ni. Kò lóògùn. Ẹ gbẹ́ ihò." Kò pẹ́ tí n kò fi ní ẹyọ kan mọ́. Abo tó kù díẹ̀ kó bímọ ni mo rì mọ́lẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyàwó alápatà ló tú àṣírí fún ìyàwó mi.

Mi ò bá a jà. Mo fi sódà fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, mo fi ẹfun kùn ún, mo ṣí òrùlé kí oòrùn wọlé, mo fi í sílẹ̀ lófo títí òjò fi lọ tó tún dé. Mo wá ra ọmọ tuntun ní Ayétòrò. Mo ṣe géètì, mo gbé abọ́ páànù omi ísáàlì tó ń pa kòkòrò àìsàn síbẹ̀ ká máa tẹ̀ ẹ́ ká tó wọlé, mi ò sì jẹ́ kí àlejò wọlé.

Bọ́dà ṣì wà ní títì nígbà tí akọ tuntun gbó. Òun nìkan ló kù ládùúgbò. Ni aládùúgbò mi bá fa abo kan wá sẹ́nu géètì, abo náà ń ké, ó ń wá akọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Abo yìí nìkan ni mo ní láti fi tún bẹ̀rẹ̀."

"Fà á lọ sí Kútọnu. Ṣebí o mọ ọ̀nà igbó."

"Ọ̀nà ti le báyìí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tẹ omi yẹn kí n wọlé."

"Kọ́kọ́ sọ ohun tí o ṣe sí mi."

Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó rò ó látòkèdélẹ̀: pé ẹlẹ́dẹ̀ òun ti ń kú lọ́jọ́ tí òun yá akọ mi, pé òun sì mọ̀. Mo gbọ́ ọ tán. "O ṣeun," mo ní, mo sì ti géètì.

Àkókò abo náà kọjá. Nígbà tó tún ń wá akọ, aládùúgbò mi tún fà á wá, mo tún ti géètì. Alápatà ló mú abo náà lọ níkẹyìn, aládùúgbò mi sì padà sídìí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ìjọ wa bá a bẹ̀ mí. Mo ní dókítà ló ní n má yá ẹnikẹ́ni lákọ mọ́. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo lè sọ fún: ká ní ti dókítà nìkan ni, ǹ bá ti gbàgbé ìkìlọ̀ rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń gbàgbé. Ìbínú ló ń rán mi létí láràárọ̀. Títí dòní, àìsàn ò wọ ilé ẹran mi mọ́, aládùúgbò mi náà ò wọ̀ ọ́. Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ló dùn mọ́ mi jù.