Ẹ̀gbọ́n Tí Àdúrà Kún Fóònù Wọn

Tí mo bá ti gbọ́ "Àmín" lẹ́nu èèyàn báyìí, ẹ̀gbọ́n tá a jọ ṣiṣẹ́ ní Moncalieri, lẹ́bàá ìlú Torino ní Ítálì, ni mo máa ń rántí, inú á sì tún bí mi. Iṣẹ́ wa ni ká máa ya fọ́tò ìdérí gọ́tà, ká máa fàmì síbi tó wà lórí máàpù inú fóònù. Netiwọ́ọ̀kì ò sí lórí òkè tá a ti ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀ la ṣe ń gba máàpù sílẹ̀ láti Torino. Tá a bá sọ̀kalẹ̀ la máa wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Capo, ọ̀gá wa, ti sọ pé tí iṣẹ́ ò bá wọlé kí ọ́fíìsì tó ti, kò sí contratto tuntun, ìyẹn ìwé àdéhùn iṣẹ́, fáwa méjèèjì. Nígbà tá a sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tèmi lọ. Ti ẹ̀gbọ́n kọ̀. Wọ́n pa fóònù, wọ́n tàn án, ó ṣì kọ̀. Mo gbà á wò: ó ti kún bámúbámú fún fídíò àdúrà táwọn ará ilé ń fi ránṣẹ́ sí wọn.

"Ẹ jẹ́ n pa wọ́n rẹ́ jàre."

"Àdúrà ìyá mi? Máàpù ni kó o pa rẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, inú máàpù yẹn niṣẹ́ wa wà."

Wọ́n wo bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ. "Fi ti ìyá mi sílẹ̀. Pa tàwọn àna mi rẹ́."

Mo pa gbogbo tàwọn àna rẹ́. Iṣẹ́ lọ. Capo fèsì pé "va bene", ó ti dáa.

Ẹ̀gbọ́n ní "Àmín", wọ́n fọwọ́ méjèèjì pa ojú. "Ṣó o rí i? Àdúrà àwọn àna mi ti gbà."