Abọ́ Iyán Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbé Wá sí Ọsibítù

Ọdún tí àgbàrá wó afárá ọ̀nà oko wa ni wọ́n gbé mi dé ọsibítù ní Kàbà. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìtàn yìí, mo sì ní kó má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Kì í ṣe àlá. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín lọ́jọ́ náà.

Kíndìnrín ló ń ṣe mí. Ẹsẹ̀ mi wú. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀ bí mo bá ṣì fẹ́ wà láyé. Ẹ gbà mí gbọ́, àtẹ́ ni mò ń jẹ láti ọjọ́ yẹn, ó sì sú mi.

Obìnrin kan wọlé, ó gbé abọ́ oúnjẹ dání. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò bi í léèrè ohunkóhun.

"Okun o, ìyàwó mi," ó kí mi bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa.

Ìyá ọkọ mi ni. Èmi yìí náà ni mo wẹ òkú rẹ̀.

Ó ṣí abọ́: iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Itọ́ kún mi lẹ́nu.

"Jẹun," ó rọra sọ ọ́. "Ó ti rẹ̀ ọ́."

Ẹ wò ó, nílé wa, a kì í kọ oúnjẹ ìyá ọkọ. Bí o kò bá lè jẹ ẹ́, wàá pe ẹlòmíì sí i kó má bàa di ìwọ̀sí. Mo bá yíjú sí Ìyá Fúnmi, tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Kíndìnrín ló ń ṣe òun náà.

"Ìyá Fúnmi, ẹ wá bá mi jẹun."

"Ṣé iyọ̀ wà níbẹ̀? Ewúrẹ́ gan-an ń lá iyọ̀, àwa ni wọ́n fi dù!"

Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. Mo mọ ẹni tó gbé e wá. N kò sọ fún un.

Ìyá ọkọ mi gba abọ́ rẹ̀, ó wò mí títí. "Ó dáa. Ó ti bá ọ jẹ ẹ́." Ó jáde, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Fúnmi ti kú. Nọ́ọ̀sì ń pariwo pé ta ló fún un lóúnjẹ. Mo dijú bí ẹni tó ń sùn.

Bóyá iyọ̀ ló pa á, bóyá ọwọ́ tó gbé e wá ni, n kò mọ̀ títí dòní. Èmi padà sílé.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi: lẹ́yìn ikú mi, bí àìsàn bá dá yín gúnlẹ̀, tí ẹ rí mi tí mo gbé oúnjẹ wọlé, ẹ má gbà á. Bí mo tilẹ̀ ń sunkún, ẹ má gbà á. Ẹ má sì gbé e fún ọmọ ẹlòmíì.