Eyín Ọ̀kẹ́rẹ́ Ilé Baba Eléyín

Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń wo ẹnu yín dípò ojú yín nígbà tí ẹ ń kí i, ẹ má bínú sí i. Baba Eléyín ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí eyín tiwọn ti lọ tí kò padà mọ́, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó lè jókòó ti ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì kó sì sọ ọ̀gangan ibi tí èrìgì ti ń dun onítọ̀hún. Kò sì ní í dákẹ́. Yóò sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, yóò tún sọ iye ọjọ́ tí eyín náà kù láyé.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ló fi ṣe ibi iṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà lábẹ́ fèrèsé. Iná kékeré tó fi ń yọ́ ìda wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń lọ eyín, tí ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wà lọ́wọ́ òsì. Lórí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, àpẹẹrẹ ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ, gbogbo wọn funfun báláú, gbogbo wọn lanu sílẹ̀. Ó kọ iṣẹ́ oníkálukú sábẹ́ tirẹ̀: awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ìyá oníbúrẹ́dì, adájọ́.

"Adájọ́ yìí," a máa wí fún àlejò, "gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù ẹ̀. Tó bá dé iwájú mi níbí, òun ló ń gbọ̀n."

Ìwàásù kan ṣoṣo ló mọ̀. Ẹ má fi eyín ṣí ìgò. Ẹ má fi eyín fọ́ egungun. Ohun tó bá le, ọ̀tá eyín ni. Kò sí ẹni tó gba eyín lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gba ìwàásù náà mọ́ ọn, bóyá ó fẹ́ bóyá ó kọ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n gé igi ńlá kan lulẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn, ìtẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́ sì bá a wálẹ̀. Ọmọ kan péré ló ṣì ń mí nínú ìtẹ́ náà. Kò nírun lára, ojú rẹ̀ kò tíì là, kò gùn ju ìka lọ. Baba Eléyín gbé e wọlé nínú fìlà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, wo inú fìlà, ó tún wo ojú ọkọ.

"Ẹ ti fẹ́ ìyàwó kejì nìyẹn," ó ní. "Ẹ ò tiẹ̀ fi tó mi létí."

Bí ọ̀kẹ́rẹ́ náà ṣe di Orogún nìyẹn. Tíṣà a máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn aládùúgbò pé orogún òun ló ń kọ́kọ́ jẹun nínú ilé, pé òun ìyáálé ń wò ó ni. Àmọ́ òun kan náà ló lọ yọ aṣọ tó rọ̀ jù nínú àpótí rẹ̀ láti fi tẹ́ ibùsùn fún un.

Nígbà tí Orogún dàgbà tó ẹni tó ń dá jẹun ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó mọ̀ pé wàhálà ni. Baba Eléyín bó ẹ̀pà fún un. Ó rí i pé bíbó nìkan kò tó, ó tún ṣí awọ pupa ara rẹ̀ kúrò. Nígbà tó yá, ó ń lọ ẹ̀pà náà kúnná. Ó ń rẹ búrẹ́dì sómi, ó ń fi ṣíbí tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n títí yóò fi rọ̀ bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ tí Orogún dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹsẹ̀ tábìlì jẹ, ó lé e kúrò níbẹ̀, ó sì fi aṣọ wé ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni ń di ojú ọgbẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó fi eyín ẹ̀ ṣiṣẹ́," Tíṣà wí. "Èmi ò rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jẹ oúnjẹ arúgbó rí."

"Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé. Èmi ni mo mọ eyín."

"Ẹ ṣáà mọ ọmọ tí àṣejù ń bí."

"Kò ní í bí i nílé tèmi."

Ẹ má yára dá a lẹ́bi. Eyín èèyàn, bó bá ti ṣẹ́, ó ṣẹ́ náà nìyẹn, orí ìyẹn gan-an sì ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ dúró lé. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó àfọ́kù eyín jọ, ibo ló ti fẹ́ rò ó pé eyín kan wà láyé tí iṣẹ́ líle jẹ́ oògùn fún?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, Baba Eléyín súfèé títí, Orogún kò jáde. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti ń ṣẹ́ oúnjẹ kù. Kí ni ọlọ́gbọ́n wa sì ṣe? Ó ní oúnjẹ náà ló le jù. Ó tún un lọ̀. Nígbà tó wá bojú wo inú ilé onígi tó kàn fún un, ó bá a tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Irun rẹ̀ rí játijàti, itọ́ ti rin gbogbo àgbọ̀n rẹ̀ gbingbin, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ tutù.

"Tíṣà!"

Tíṣà sáré dé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Ó ti kú ni?"

"Kò kú. Kò sì ní í kú."

Ohùn rẹ̀ le bí ohùn rẹ̀ ti máa ń le, àmọ́ àyà rẹ̀ ti já. Ó ti gbé mílíìkì kaná. Tíṣà ní tirẹ̀ ti mú fóònù, ó ti pe dókítà ẹranko, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.

"Ara ẹ̀ ńkọ́, ó gbóná àbí ó tutù?" ni dókítà kọ́kọ́ bi wọ́n.

"Ó tutù, Dókítà. Mo ti ń se mílíìkì fún un."

"Ẹ gbé mílíìkì yẹn kalẹ̀, Bàbá. Mílíìkì màlúù kò bá a lára mu. Ẹran tí ara ẹ̀ bá tutù, inú ẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi oúnjẹ sí i lẹ́nu báyìí, ẹ pa á nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ mú ara ẹ̀ gbóná."

Níbi tó ti kan iṣẹ́ ọwọ́, Baba Eléyín kò kẹ̀rẹ̀. Ó rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ó fi tówẹ̀lì wé e nílọ̀ọ́po méjì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí bàtà kó lè ṣẹ́ ibi tí kò gbóná kù fún Orogún bí ooru bá pọ̀ jù. Ó tẹ́ Orogún sínú rẹ̀, ó da ìdérí bò ó kó lè ṣókùnkùn. Wọn kò tan rédíò, wọn kò sọ̀rọ̀ sókè. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, Tíṣà ki ọwọ́ bọ páálí, ó ní ara rẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Dókítà ti sọ ohun tó kàn: omi tó ní ṣúgà díẹ̀ àti iyọ̀ tíńtín, ẹ̀kán kan lẹ́yìn ẹ̀kán kan, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí ẹran náà dàyà délẹ̀, kí wọ́n má ṣe tẹ́ ẹ sẹ́yìn kí omi má baà gba ọ̀nà èémí.

Baba Eléyín mú síríńjì kékeré tí kò ní abẹ́rẹ́, èyí tó fi ń fọ èrìgì oníbàárà. Ó kán omi àkọ́kọ́. Omi náà ṣàn dànù. Ó kán òmíràn, ẹnu síríńjì kọ lu nǹkan líle. Ó fi ọ̀bẹ ìda rẹ̀ gbé ètè Orogún sókè díẹ̀, ó tẹ fìtílà sún mọ́ ọn, ó wò ó.

Eyín méjì ìsàlẹ̀ ti gùn kọjá ètè òkè. Méjì ti òkè ti ká wọnú bí ìwọ̀ ẹja, wọ́n ti ń gún àjà ẹnu.

Ó rọra gbé ọ̀bẹ náà kalẹ̀. Ọkùnrin tó ń wo ẹnu gbogbo ìlú kò wo ẹnu ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà nínú ilé rẹ̀ rí fún ọdún méjì gbáko. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Ebi ló ń pa á," ó wí nígbẹ̀yìn. "Tíṣà, ebi ló ń pa á, oúnjẹ wà níwájú ẹ̀, kò sì lè pa ẹnu dé."

"Ẹ̀bi yẹn á dúró dè wá," Tíṣà wí. "Ẹ gbé páálí. Èmi á wakọ̀."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kó tó gbé páálí, Baba Eléyín yọ ẹ̀rọ ìlọyín rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó kì í sínú báàgì, ó sì ń kán omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu Orogún títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mẹ́ta nínú ẹ̀kán márùn-ún ń wọlé.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí sí àkọ́bí wọn, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó fún Orogún lábẹ́rẹ́ omi sábẹ́ awọ, ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó sì mí kanlẹ̀.

"Nǹkan tí mo fi ń gé eyín ajá ló wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá fi gé eléyìí, eyín lè là dé gbòǹgbò."

Baba Eléyín gbé báàgì lé tábìlì. "Ẹ má gé e. A máa lọ̀ ọ́ ni. Ẹ bá mi gbọ́ ọkàn ẹ̀, ẹ fi ẹnu sílẹ̀ fún mi."

Dókítà wo ẹ̀rọ náà, ó wo ọwọ́ tó mú un dání. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. "Tí mo bá ní kẹ́ ẹ dúró, Bàbá, ẹ máa dúró."

"Màá dúró."

Dókítà fún Orogún ní oògùn oorun díẹ̀. Tíṣà di fìtílà mú. Baba Eléyín fi ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ ti ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ eyín náà, ó ń kán omi sí i kó má baà gbóná. Eyín ìsàlẹ̀ parí. Ó ti kan ti òkè nígbà tí dókítà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró!"

Ó dúró. Ọkàn Orogún ti ń falẹ̀. Ajá kan ń gbó ní yàrá kejì. Baba Eléyín kò gbé ojú kúrò lára ikùn kékeré tó ń lọ sókè sódò náà, ó sì mọ̀ pé bí ikùn náà bá dúró pẹ́nrẹ́n, òun fúnra òun ló fi ìfẹ́ pa á.

"Ó ti padà," dókítà wí. "Ẹ yára parí ẹ̀."

Ó parí rẹ̀. Nígbà tó fi máa gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, èjìká aṣọ rẹ̀ ti tutù fún òógùn.

Ìgbà náà ni dókítà wá béèrè ohun tí Orogún ń jẹ. Baba Eléyín fẹ́ parọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ó ti lanu. Tíṣà sì wò ó bó ṣe ń wo ọmọ kíláàsì kẹta tó ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé òun. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan aṣọ ẹsẹ̀ tábìlì.

"Bàbá," dókítà rọra wí, "eyín ọ̀kẹ́rẹ́ kì í dúró. Á máa hù ni títí ó fi máa kú. Iṣẹ́ ló ń gé e. Ẹ̀pà lílọ̀ náà kò tó o jẹ, egungun ẹ̀ máa rọ̀ tó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló ń rí. Ẹfọ́ tútù ni kó pọ̀ jù, èso díẹ̀, oúnjẹ tó ń mú egungun le tí màá fún yín. Ẹ fún un ní ẹ̀ka igi pẹ̀lú èèpo ara ẹ̀, egungun tó mọ́ tó máa họ jẹ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí oòrùn máa pa á. Tó bá di kóró, ẹ fi èèpo ẹ̀ sílẹ̀."

"Tí kò bá wá pa kóró náà ńkọ́?"

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Àgbọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ fọ́dún méjì lè ti gbàgbé iṣẹ́. Tí kò bá gé nǹkan jẹ fúnra ẹ̀, oṣooṣù la máa máa fún un lóògùn oorun ká tó lè lọ eyín ẹ̀. Ara tó kéré báyìí ò lè gba ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ sì rí i lónìí."

Fún ọjọ́ méjì, síríńjì ni wọ́n fi ń fún Orogún ní oúnjẹ dókítà tí wọ́n pò mọ́ omi. Lọ́jọ́ kẹta, ó jẹ ewé. Baba Eléyín tú aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ tábìlì, ó gbé ẹ̀ka igi kalẹ̀ káàkiri bí ẹni fẹ́ dáná. Orogún ń gun orí wọn, kò gé ọ̀kankan jẹ. Lọ́jọ́ kẹfà, ara rẹ̀ ti le dáadáa, ó ti ń fò láti orí àga dé orí àga, Baba Eléyín sì gbé ẹkùrọ́ kan tí wọn kò tíì pa sí àárín ilé. Òun àti Tíṣà jókòó, wọ́n ń wò ó.

Orogún gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹnu gbé e rìn kọjá àárín ilé, ó gun orúnkún Baba Eléyín, ó sì fi ẹkùrọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń retí kó bá òun pa á.

Ọ̀rọ̀ náà dun Baba Eléyín wọ eegun. Òkúta ìpẹkùrọ́ wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí i ju kó na ọwọ́ lọ. Ó rọra gbé Orogún sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹkùrọ́ tì í. Orogún tún gbé e padà wá. Ó tún dá a padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dìde.

"Tìẹ ni," ó wí fún un. "Eyín tèmi kọ́ ló máa pa á."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tíṣà tẹ̀ lé e, Baba Eléyín sì fa ilẹ̀kùn dé nítorí ó mọ ara rẹ̀. Wọ́n dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹkùrọ́ yí gbirigbiri lórí símẹ́ńtì, ó kọ lu ògiri, ó tún dákẹ́, ó sì pẹ́ títí Tíṣà fi di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Kẹrẹ.

Ó tún dákẹ́. Kẹrẹ, kẹrẹ. Lẹ́yìn náà, ó ń lọ láìdáwọ́ dúró, ó le koko, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ayùn rẹ́ pákó.

"Ó ń pa á!" Tíṣà na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Baba Eléyín di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi ti dà bo ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Má ì ṣí i," ó ní. "Jẹ́ kó jẹun."