Màmá Olókùúta àti Ewéko Tí Kò Fẹ́ Omi

Kí wọ́n pe ọ̀lẹ ní ọ̀lẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn fi orúnkún ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, kí wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀lẹ ni, kí wọ́n tún lu òǹtẹ̀ lé e! Ohun tí wọ́n ṣe fún Màmá Olókùúta nìyẹn.

Kó tó di olùtọ́jú ọgbà ní ilé ìwòsàn yẹn, ibẹ̀ ló bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ sí. Yàrá àwọn ìyálọ́mọ wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹrẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ba gbogbo aṣọ ọmọ jẹ́. Òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló sọ̀ kalẹ̀ tó ń gbá ẹrẹ̀. Kò gbàgbé. Nígbà tó ríṣẹ́ níbẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ó to òkúta sí i, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí omi lè ríbi gbà lọ, ó wá gbin ewéko kan tó máa ń fà nílẹ̀ bí ẹní. Ewé rẹ̀ nípọn, kì í wọ́wé, ẹ̀ẹ̀rùn kì í pọ́n ọn lójú.

Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá gé ẹ̀ka, á tẹ́ ẹ síbi ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, torí bí ojú gígé bá wọlẹ̀ ní tútù, jíjẹrà ló kù. Lóṣù àkọ́kọ́, á wọ́n omi díẹ̀ sí i. Ó parí. Gbòǹgbò á wábi gbà lábẹ́ òkúta. Màmá á wá máa kúnlẹ̀ hú koríko láàárín rẹ̀, lójoojúmọ́ ayé. Látìgbà náà, ẹrẹ̀ kò wọ yàrá yẹn mọ́.

Àfi bí ọ̀gá tuntun ṣe dé lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Àkọ́bí Màmá dàgbà jù ú lọ. Ojú fèrèsé ló máa ń dúró sí, ife tíì lọ́wọ́, tó ń ṣọ́ iṣẹ́ oníṣẹ́.

"Màmá, oṣù mẹ́ta rèé, mi ò rí i kí ẹ bomi rin ọgbà òkúta yẹn lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ọ̀gá, kò fẹ́ omi ni. Bí ẹ bá ń bomi rin ín, ẹ pa á nìyẹn."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló wà láyé tí kì í mu omi? Ẹ sọ pé ó ti rẹ̀ yín, Màmá, kó yé mi."

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ẹ̀sùn, ìyẹn kúẹ́rì, dé: àìbìkítà sí iṣẹ́. Wọ́n ní kí Màmá lọ máa gbálẹ̀. Wọ́n gbé rọ́bà omi lé awakọ̀ ilé ìwòsàn lọ́wọ́, torí ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò níṣẹ́ míì. Àárọ̀ omi, ìrọ̀lẹ́ omi. Kò tán síbẹ̀ o. Ọ̀gá ní ebi ń pa ewéko, ó fi ọkọ̀ akóyanrìn gbé ilẹ̀ dúdú wá, wọ́n fi dí gbogbo àárín òkúta. Ẹ gbà mí! Ibi tí èèyàn fi ọwọ́ là kí omi lè gbà!

Bàbá aṣọ́bodè, ọ̀rẹ́ Màmá, fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ṣé o ti di Màmá Onígbàálẹ̀ báyìí?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí kò hú koríko rí ló ń kọ́ mi."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ewé fi pọ́n, tí ìdí rẹ̀ ń yọ̀, tó ń rùn. Màmá lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá omi yìí dúró. Àṣejù, baba àṣeté ni."

"Màmá, ìlara ò dáa. Ẹ ò rí i pé omi ò tíì tó ni?" Ó fi ti ọ̀sán kún un.

Inú bí Màmá. Ó gé ẹ̀ka tí kò tíì jẹrà, ó kó o sápò, ó tẹ́ ẹ sí ibòji ilé aṣọ́bodè. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbìn ín sínú àwọn àlòkù báàfù tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́.

"Tí wọ́n bá rí i ńkọ́?" ni bàbá aṣọ́bodè wí.

"Kí wọ́n kọ kúẹ́rì míì."

Òjò àkọ́rọ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ilẹ̀ dúdú yẹn yọ́, ó ya wá sísàlẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá àwọn ìyálọ́mọ. Ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pariwo. Màmá tún ń gbá ẹrẹ̀. Ọ̀gá ká ṣòkòtò sókè lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Màmá ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Èmi? Mi ò sọ? Mo dúró sọ ọ́, mo kúnlẹ̀ sọ ọ́, kúẹ́rì lẹ fi dá mi lóhùn! Ẹrẹ̀ yìí ni mo gbá lọ́jọ́ tí mo bímọ níbí. Ti ìgbà yẹn, òjò ló gbé e wá. Tòní, ẹ̀yin lẹ fi ọkọ̀ gbé e wá."



Lọ́jọ́ kejì, Màmá ti wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ń kó ilẹ̀ dúdú kúrò, báàfù ewéko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wá bá a, ó gbé garawa omi kan tó kún dẹ́nu dání.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo bá yín pọn omi wá."

Màmá wo omi, ó wo ọ̀gá.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ gbé e lọ sí yàrá àwọn ìyálọ́mọ, ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."