Ẹyin Àjíǹde Tó Lé Èrò Sọ̀ Nínú Kẹ̀kẹ́

Tíṣà ọmọ mi obìnrin ló dá mi dúró ní géètì iléèwé wọn. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba ìsinmi Àjíǹde, kí gbogbo ọmọ kíláàsì wọn gbé ẹyin sísè tí wọ́n kùn láwọ̀ wá nínú apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dé fìlà elétí ehoro.

Mo bi í pé kí ló kan ehoro nínú àjíǹde Jésù. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ojú ẹ̀ ò tíì là.

"Mọ́mì, ìgbà ìrúwé ni. Gbogbo nǹkan ló ń jí padà."

Oòrùn Agége ń yan wá lórí bíi bọ̀ọ̀lì, òógùn sì ti lẹ ẹ̀wù ẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo ní mo ti gbọ́.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wọn, wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sílẹ̀.

"Ehoro ló kú ni?"

"Rárá, mà. Jésù ni."

"Ẹyin ńkọ́?"

"Wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi pamọ́, àwọn ọmọ á wá máa wá a kiri."

Wọ́n wò mí títí. "Ẹ̀sìn yín pọ̀ níṣẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde láti bá mi gbé omi kaná.

Ọkọ mi mú páálí wá láti iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú, òun la fi gé etí ehoro. Ẹyin ló yọ wá lẹ́nu. Ẹyin àdúgbò wa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀dà tí mo rà ò hàn lára ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ká kọ́kọ́ fi ẹfun kùn ún. Ó funfun lóòótọ́. Ọmọ mi wá fi ìka to pupa àti dúdú sí i lára, torí àwọ̀ méjèèjì yẹn ló wù ú. Mo tẹ́ aṣọ pupa sínú apẹ̀rẹ̀, mo to ẹyin sí i. Lójú wa nínú ilé, ó rẹwà.

Láàárọ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì wá bojú wo inú apẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dẹ́rẹ́bà, mo ti débi tí mò ń lọ."

Dẹ́rẹ́bà bojú wẹ̀yìn, òun náà rí ẹyin.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ sọ̀."

"Bọ̀dá, iṣẹ́ iléèwé ni. Ti Àjíǹde ni."

"Gbogbo ọdún ni mò ń ṣe Àjíǹde, mà. Mi ò rí ẹlẹ́yin rí. Ẹ má wulẹ̀ sanwó."

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun lèmi. Àbẹ́là àti èso lásán, wọ́n ti ń fura sí wa, ká má tíì sọ ẹyin ẹlẹ́fun. Mi ò bá a jiyàn. A fẹsẹ̀ rìn, gbogbo ayé sì ń yà fún wa lọ́nà. Ọmọ mi rò pé fìlà òun ni wọ́n ń wò, ló bá ń juwọ́ sí wọn.

Ní iléèwé, ẹyin ike ni àwọn ọmọ yòókù gbé wá, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ńlá n'Ìkẹjà. Tíṣà bojú wo inú apẹ̀rẹ̀ tiwa.

"Mọ́mì, ẹ káre. Àṣà wà nínú tiyín."

Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó ga jù.

Àwọn ọmọ wá ẹyin ike kiri títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ṣí i, òfìfo ni. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibojì Olúwa ṣe ṣófo, àmọ́ ọmọ ọdún márùn-ún tí ebi ń pa ò mọ ibojì. Ọmọ mi gun àga, ó mú ẹyin kan, ó bó o, ó bù ú fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo ehoro kíláàsì ti tò sẹ́yìn ẹ̀, ike ti dilẹ̀. Tíṣà fúnra ẹ̀ ló lọ wá iyọ̀ wá.

Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, mo kó èèpo ẹyin náà, ẹlẹ́fun, pupa àti dúdú, sínú ọ̀rá. Mo wá dúró ní géètì, mò ń ro ibi tí èèyàn lè da irú ẹ̀ sí ní gbogbo Agége tí wọn ò ní pe àwọn pásítọ̀ wá síbẹ̀.